Bí A Ṣe Ń Yan Kẹ̀kẹ́ Àlòkù Tó Lágbára

Owó kẹ̀kẹ́ kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bí ẹ bá ta àgbàdo yín tán, tí ẹ fẹ́ fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ àlòkù, ẹ má ṣe kánjú. Kẹ̀kẹ́ yìí ni yóò ru ẹrù yín lọ sí ọjà. Òun náà ni ẹ lè fi gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ sí ilé ìwòsàn lóru.

Nínú àwọn kẹ̀kẹ́ àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá sí Kútọnu, ẹ ó rí irú kan tí à ń pè ní VTT. Táyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní eyín. Kalifóníà ní Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1970, fún ọ̀nà orí òkè. Àwọn ti àtijọ́ kò ní sípíríǹgì. Irú wọn ló dára fún wa, nítorí pé sípíríǹgì tó ti gbó ṣòro láti tún ṣe.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ nǹkan mẹ́fà wọ̀nyí wò:

1. Egungun kẹ̀kẹ́. Ẹ fi òòfà kàn án. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Irin ni kí ẹ yàn: bí ó bá là lọ́jọ́ iwájú, ajórin ìtòsí lè jó o. Alumíníọ̀mù kò rọrùn láti jó.

2. Abẹ́ irin tó wà nítòsí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ fi ìka pa á. Bí ó bá wú tàbí tó hunjọ, kẹ̀kẹ́ náà ti forí sọ nǹkan rí. Ẹ fi í sílẹ̀.

3. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ yí i. Kò gbọdọ̀ máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ibi tí bíréèkì ń dì mú bá ti jin bí ikòtò, ó ti jẹ.

4. Ṣéènì. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ìṣó kìíní dé ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Tuntun jẹ́ mílímítà 305. Bí ó bá ti di 308, ó ti fà.

5. Bíréèkì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí.

6. Ìjókòó àti gíga. Ẹ fa ìjókòó sókè, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Bí ó bá ti dípẹtà mọ́ inú irin, wàhálà ni. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró kí irin òkè wà láàárín ẹsẹ̀ yín. Àyè tó tó ìka mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà láàárín yín.

Ṣéènì, táyà àti bíréèkì ṣeé pààrọ̀. Ẹ béèrè iye wọn lọ́wọ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó tí ẹ fẹ́ san. Ṣùgbọ́n egungun tó ti wọ́ kò ṣeé rà, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín jẹ: ọ̀dà lè bo ibi tó là.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè
1. Kí ni òòfà ń sọ fún wa nípa kẹ̀kẹ́?
2. Àwọn ohun wo la lè pààrọ̀? Èwo ni kò ṣeé rà?
3. Bí bíréèkì kò bá mú, ewu wo ló wà fún ọmọ tí ẹ gbé sẹ́yìn?