Ẹ Béèrè Èéfín Kí Ẹ Tó Sanwó Irin

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kó irin àti alumíníọ̀mù wọ Jámánì, ẹ tẹ́tí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 ni owó èéfín ibodè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní CBAM, ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Sìmẹ́ǹtì àti ajílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí irú ẹrù yìí tó ń kó ò bá ju tọ́ọ̀nù 50 lọ lọ́dún bọ́ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá máa jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ.

Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó yọ́ irin gan-an ni iye èéfín tí wọn yóò fi ṣírò owó náà ti ń wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbàtà. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ iye èéfín orí tọ́ọ̀nù kan sílẹ̀, kí olùyẹ̀wò tó gbàwé àṣẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lè ní àṣírí iṣẹ́ ni. Irọ́ ni, ẹ wá ẹlòmíì! Bí ìwé yẹn ò bá sí, iye tí Àjọ náà là sílẹ̀ ni wọn yóò fi ṣírò fún yín, ó sì sábà máa ń wọ́n. Bí wọ́n bá ti san owó èéfín nílùú tí wọ́n ti ṣe é, ẹ gba ẹ̀rí ẹ̀, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú tiyín.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2027 ni gbèdéke ìjíhìn ẹrù 2026. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé yín báyìí.