WÍWO Ẹ̀DÁ ỌLỌ́HUN LÁÌṢE É NÍ JÀǸBÁ

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí bí ó ti yẹ kí á máa wo àwọn ẹranko tí Ọlọ́hun dá.

Nínú Òkun Pàsífíìkì, ní nǹkan bíi kìlómítà 1,000 sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ecuador, ni àwọn erékùṣù Galápagos wà. Òkè tí ń tú iná ni ó ti ìsàlẹ̀ òkun gbé wọn jáde. Ọlọ́hun fi àwọn ẹranko tí kò sí níbòmíràn síbẹ̀: alángbá ńlá tí ń wọ inú òkun lọ jẹ ewéko, ẹyẹ tí kò lè fò ṣùgbọ́n tí ń mòòkùn mú ẹja, àti ìjàpá ràbàtà tí ó lè lo ju 100 ọdún lọ láyé.

Ohun tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í sá fún ènìyàn. Àìsá yìí ni ó kó bá ìjàpá. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ rí i pé ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ láìmu, ni wọ́n bá ń kó o láàyè sínú ọkọ̀, wọ́n ń pa á jẹ lójú òkun. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn kó ewúrẹ́ wá, ewúrẹ́ sì jẹ ewé tí ìjàpá ìbá jẹ. Ní erékùṣù Pinta, akọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí ní 1971. Wọ́n sọ ọ́ ní Lonesome George, ìyẹn George adánìkanwà. Wọ́n wá abo irú rẹ̀ títí, wọn kò rí. Ó kú ní 2012, irú rẹ̀ sì parí.

Sūratul-An‘ām, áyà 38, fi yé wa pé ìjọ bí tiwa ni àwọn ẹranko àti ẹyẹ. Odidi ìjọ kan ni ó parí lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́:

1. Wíwò tó. Òfin ibẹ̀ ni pé kí àlejò fi mítà 2 jìnnà sí ẹranko, kí ó má fọwọ́ kàn án, kí ó má fún un lóúnjẹ.

2. Nínú hádíìsì tí Abū Dāwūd gbà wá, àwọn Sàhábà kan kó ọmọ ẹyẹ, ìyá rẹ̀ sì ń fò kiri pẹ̀lú ìdààmú. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n dá wọn padà fún un. Kí àwa tí a ń sọ alángbá lókò lẹ́yìn iléekéwú rántí èyí.

3. Ẹ̀dá tí kò sá fún wa ti fi ọkàn tán wa. Àmáánà ni, a kò gbọdọ̀ dà á.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùṣọ́ rere lórí ilẹ̀ Rẹ̀. Āmīn.