Ẹ̀kọ́ Tó Wà Nínú Ilẹ̀

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún 6 láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Oko ni àwa ìyá lè fi kún un. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, kí ọmọ ka ebè dé igba (200), kí ó sì bá wa rin ẹ̀gẹ́. Ẹ sọ ìdí tí gààrí Ìjẹ̀bú fi ń kan fún un: májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, ọjọ́ mélòó kan tí a fi sílẹ̀ kí a tó yan án ló ń dín in kù. Ìkánjú ibẹ̀ léwu! Ní Ogun Waterside, kí ọmọbìnrin náà mọ àwọ̀n tún ṣe. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú orúkọ ewé 5 tí ọmọ rẹ̀ mọ̀ wá.