Má Yọ Ohun Tí O Kò Mọ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ìró Micra rẹ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá kí n tó rí i. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. O páàkì sábẹ́ igi máńgòrò, o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, o wá mú nǹkan kan jáde nínú ọ̀rá bí ẹni tó fẹ́ fi eyín tí dókítà yọ han ẹbí. Irin róbótó kékeré kan ni, sípíríǹgì wà lára rẹ̀. O ní, "Bàbá, tẹ́mósítáàtì rèé. Mẹkáníìkì ti bá mi yọ ọ́ kúrò. Ó ní torí òtútù ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, pé ooru tiwa níbí kò nílò rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí o wá jókòó jẹun. Ìgbà tí o lọ tán ni mo wá rí i pé mo ti jẹ gbèsè ọ̀rọ̀. Òun ni mo fẹ́ san yìí, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó ń ra ọkọ̀ àlòkù kiri Èrúwà náà sì bá ọ gbọ́ ọ.

Kí n tó sọ èyí tó dùn mí, jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mọ́ mi. Ìwọ fúnra rẹ lo tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, o fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà nu ẹnu wọn. Ìwọ lo fi omi gbígbóná fọ ìdọ̀tí funfun tó hù sórí bátìrì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Láti 29 May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà epo tí kò tó 200 náírà gbéra, kí 2024 sì tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìdó lọ sí Ìbàdàn lójoojúmọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí n ṣàlàyé. Ta ni yóò wá dá ọmọ tó gbé sípánà lẹ́bi?

Micra náà ńkọ́? N kò lè bú u. Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe irú tìrẹ yìí, láàárín 1992 sí 2002. Ní 1993 wọ́n fi í joyè ọkọ̀ tó ta yọ jù lọ lọ́dún náà ní Yúróòpù, òun sì ni ọkọ̀ ilẹ̀ Japan àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀hún. Àwọn tó fi í joyè kò mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, àpò gààrí yóò kún búùtù rẹ̀, èèyàn mẹ́fà yóò há sínú rẹ̀ bí ẹja inú páálí, yóò sì máa ti Láńlátẹ̀ bọ̀ wá sí Èrúwà lórí ọ̀nà tí òjò ti jẹ. Ẹ́ńjìnnì tí kò ju lítà kan àti díẹ̀ lọ ló ń ṣe gbogbo èyí! Àwọn tó ṣe ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ná owó sórí irin tí kò níṣẹ́.

Iṣẹ́ tí irin yẹn ń ṣe rèé. Ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ jóná, kò sì fẹ́ tutù. Ó ní ìwọ̀n ooru tó bá a lára mu. Ìda ló wà nínú irin tí o dì sínú ọ̀rá yẹn. Bí omi inú ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ìda náà á le, ilẹ̀kùn kékeré ara rẹ̀ á wà ní títì, omi kò ní rí ọ̀nà dé redíétọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì tètè yá. Tí ooru bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 80 sí 90 Celsius, ìda á yọ́, á wú, á ti ilẹ̀kùn sílẹ̀, omi á wá ṣàn lọ gbatẹ́gùn nínú redíétọ̀. Tó bá tún tutù jù, ilẹ̀kùn á padà dé. Kò sí wáyà níbẹ̀, kò sí bátìrì. Ìda lásán!

Wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná. Ó gbóná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn Ìbàràpá tó le jù, tí ewúrẹ́ ń wá abẹ́ ọkọ̀ sùn, kò kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 40. Ibo ni 40, ibo ni 80? Lójú ẹ́ńjìnnì, ọ̀sán gangan nínú oṣù Kẹta ní Èrúwà, òtútù ni. Nígbà tí ilẹ̀kùn yẹn kò sí mọ́, omi á máa ṣàn lọ sí redíétọ̀ láti ìgbà tí o bá ti sítáàtì, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó yá. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ni, á máa da epo sí i. Epo tó wọ́n tí o ń sá fún, o ti fọwọ́ ara rẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

N kò sọ pé mẹkáníìkì rẹ ya ọ̀dájú. Tẹ́mósítáàtì máa ń kú. Tó bá kú pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, ẹ́ńjìnnì á hó. Ẹni tó bá yọ òkú kúrò kò ṣẹ̀, àmọ́ kó fi alààyè rọ́pò rẹ̀. Ṣé ó tiẹ̀ kú? Ẹnikẹ́ni nínú yín kò wò ó. Ìdánwò rẹ̀ kò gba owó: fi okùn so ó, rì í sínú ìkòkò omi kó má kan ìdí ìkòkò, gbé e kaná. Tí omi náà bá ti ń mú ariwo wá, tí kò tíì hó, o máa rí i tí yóò rọra là bí ẹnu ẹyẹ. Gbé e jáde, yóò padà pa ẹnu dé. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò níṣòro, a jẹ́ pé ibòmíràn ni àìsàn wà. Lọ́dún kan, ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ àgbà ni mo fi ṣe é. Ẹjọ́ yẹn kò tíì tán títí dòní.

Tèmi sì rò pé mo mọ ibi tí àìsàn náà wà. Omi kànga lo ń bù sínú redíétọ̀ láti ìgbà tí o ti ra ọkọ̀ yẹn. Mo ki ìka bọ ẹnu rẹ̀, ó pọ́n bí ilẹ̀ pupa. Ìpẹtà ló dí i.

Má rò pé inú ìyá mi ni mo ti gbọ́n wá. Ní 1979 mo ra Volkswagen àlòkù, èyí tí à ń pè ní Ìjàpá. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó, tíṣà tó bá sì ní Ìjàpá nígbà náà, ó ti dèèyàn. Ìjàpá kò ní redíétọ̀, atẹ́gùn ló ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ sì wà. Ìdérí kan bo bátìrì ọ̀hún. Ohun tó so ìdérí náà mọ́lẹ̀ ti já, ó ń dà mí láàmú nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ bomi sí bátìrì. Mo bá jù ú sẹ́yìn ilé. Mo ní, ìdérí kí ni? Òjò kì í kúkú rọ̀ sínú ọkọ̀.

Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sí nǹkan kan. Ó wá di ọjọ́ ọjà kan, mo gbé àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tó ń ta ẹ̀gúsí. Èèyàn ńlá ni wọ́n, ní ara àti ní ọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n gbé àpò ẹ̀gúsí lé itan. A kò tíì jìnnà sílé tí a fi kó sí kòtò kan, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ń wi adìẹ níbì kan ni?" Mo ní ọyẹ́ ló dé, igbó ni wọ́n ń sun. A tún kó sí kòtò kejì. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìdí mi ń gbóná." Èéfín ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí n tó dúró. A fa ìjókòó sílẹ̀: sípíríǹgì abẹ́ rẹ̀ ti tẹ orí bátìrì méjèèjì, ó pọ́n bí ẹyin iná, òwú inú ìjókòó sì ti gbiná. Iyẹ̀pẹ̀ la bù sí i. Ẹ̀gúsí fọ́n ká títì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn padà sílé, wọn kò sì wọ ọkọ̀ mi mọ́ títí wọ́n fi kú. Gbogbo ọjà ni wọ́n ti ròyìn Ìjàpá tó ń bu ìdí èèyàn jẹ. Nígbà tí mo wá ìdérí yẹn lọ sẹ́yìn ilé, adìẹ ti yé sínú rẹ̀.

Ohun tó mú mi bínú sí fíúsì rẹ nìyẹn, èyí tí o fi ìwé fàdákà inú páálí sìgá wé. A dá fíúsì kí ó lè kú, kí wáyà lè yè. Tó bá jó, wáyà kan ló ń fara kan ibi tí kò yẹ; òun ni kí o wá. Bí o bá ní fíúsì kò gbọdọ̀ jó, wáyà ló máa jó, lẹ́yìn wáyà, ọkọ̀ ni.

Wàá ní, ṣé kí á kàn máa lo nǹkan bí òyìnbó ṣe gbé e fún wa ni? Rárá o. Ní Èrúwà wa níbí? Ọdún 1983 ni Dókítà Awójọbí, oníṣẹ́-abẹ, wá síbí. Ní 1986 ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2015. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára rẹ̀, iná mànàmáná ni tàwọn ẹlòmíì ń lò. Ẹ mọ iná Èrúwà. Dókítà mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí ọwọ́ èèyàn ń yí. Ó yọ iná kúrò, kò yọ iṣẹ́ kúrò. Ó ti mọ̀ pé kí ó yí kíákíá kí ẹ̀jẹ̀ pupa lè rọlẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà wá.

Awójọbí mìíràn wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé, ti Yunifásítì Èkó. Títí di 2 April 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà; ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìlú bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ tí stíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún wá di wàhálà, nítorí awakọ̀ kò ní ríran bó bá fẹ́ ya ẹni tó wà níwájú sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí yí stíárìn Opel ilé rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Òun náà ló mú jíìpù kan, tó sọ ọ́ di Autonov 1: jíà mẹ́rin síwájú, jíà mẹ́rin sẹ́yìn, eré kan náà. Ẹ ò rí i pé orí tó mọ ìdí ọkọ̀ ló tó yí i padà bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ pé o ń ronú gáàsì báyìí. Gbọ́ èyí dáadáa. Ní October 2024, sílíńdà inú ọkọ̀ kan bú gbàmù nílé epo kan ní Ìlú Ìbìní níbi tí wọ́n ti ń rọ CNG sí i. Àwọn tó ń bójú tó ètò gáàsì ọkọ̀ fún ìjọba ní sílíńdà ọ̀hún kì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹnì kan ló jó o pọ̀. Agbára tí gáàsì yẹn fi ń ti sílíńdà tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ. Sílíńdà ìdáná kò lè gbà á. Bó bá jẹ́ gáàsì lo fẹ́, gbé ọkọ̀ lọ síbi tí ìjọba ti fún láṣẹ. Ibẹ̀ kì í ṣe abẹ́ igi máńgòrò mi.

Ó ku ọ̀kan. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, jáákì nìkan ló sì gbé e. Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Gẹdú ni kí o fi gbé e dúró, gẹdú tó nípọn. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì máa ń fọ́ lójijì.

Wá ní Sátidé. Má tíì ra nǹkan kan lọ́jà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Àràrómi, mú tẹ́mósítáàtì rẹ dání ká kọ́kọ́ sè é. Kí o sì gbé ìkòkò wá látilé, torí ìyá rẹ àgbà ti kó tiwọn pamọ́.