Bí Ọ̀nà Rélùwéè Ṣe Dé Òṣogbo

Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ọ̀nà irin láti Èkó lọ sí òkè. A ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Jẹ́bà, létí odò Ọya, ní 1909.

Ọ̀nà náà kò gba Ìlobùú tàbí Ìfọ́n kọjá. Láti Òṣogbo, Ìkìrun, Òkukù àti Ọ̀fà ni ó kọrí sí. Nítorí náà, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó wọ́pọ̀, orí ni a fi ń ru kòkó àti ẹkùrọ́ dé Òṣogbo.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ àlọ àti ọkọ̀ àbọ̀ jọ ń lò. Kí wọ́n má baà forí sọ ara wọn, awakọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní ibùdókọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá ibùdó fún un ní àṣẹ pé ọ̀nà ṣófo títí dé ibùdó kejì. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi máa ń dúró pẹ́, tí èrò yóò sì máa kùn sí awakọ̀ tí kò ṣẹ̀.

Ìbú àárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, irú èyí tí Jàpáànì fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1872. Ọ̀nà tuntun tí a ṣí láti Èkó sí Ìbàdàn ní 2021 fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ kò lè gun irin Òṣogbo.