Àtúnkọ́ ilé lẹ́yìn ìjì: Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan láti Ìjù, nítòsí Àkúrẹ́, béèrè bóyá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí kò lówó lè ran àwọn tí ìjì ṣí òrùlé wọn lọ́wọ́.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Àwọn Yorùbá ti ní ètò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: àáró ni kí àwọn ẹgbẹ́ máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ ní àyípo, nígbà tí ọ̀wẹ̀ jẹ́ ìpè tí onílé máa ń pe ará àti ọ̀rẹ́ láti wá bá a ṣiṣẹ́, tí yóò sì bọ́ wọn. Ọ̀wẹ̀ ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni ó yẹ kó wá oúnjẹ ọjọ́ náà, nítorí ẹni tí òjò ń pa nínú ilé kò lágbára àlejò.

Káfíńtà tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú wọn. Ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ máa ń wọ abẹ́ páànù, á sì gbé e láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ìṣó nìkan kò tó, àfi kí a fi irin tí a rì mọ́ ògiri de igi òrùlé.

Kì í sì í ṣe gbogbo ilé ló yẹ kí a tún kọ́ síbi tó wà. Ní Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gba ilẹ̀ tí ilé dúró lé.

Kí ọ̀dọ́ Ìjù ya àwòrán ìbàjẹ́ náà ránṣẹ́ sí NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, kí wọ́n tó kan ìṣó àkọ́kọ́.