Nígbà tí Píkọ́ọ̀pù Bá Ń Gbọ̀n Lórí Títì Márosẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti gírámà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Alakahia ló ti jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rí, bóyá nígbà tí a ń kó ẹrù kúrò ní yàrá, bóyá nígbà tí a ń kó àga ayẹyẹ ẹgbẹ́. Bí ọkọ̀ náà bá ti dàgbà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Peugeot 504. Ọdún 1979 ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀ jáde. Ilé-iṣẹ́ Peugeot tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní 1975 sì to 504 fún wa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bàbá kan ládùúgbò wa ní ọ̀kan. Láàrin Alakahia àti Choba, ọkọ̀ yìí ń lọ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá afárá Choba, tí ó doríkọ Emohua lójú ọ̀nà East-West, tí eré sì dé 90, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí ó bá tó 110, á tún rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba owó aláìnmẹ́ǹtì lọ́wọ́ bàbá. Ọkọ̀ kò gbọ́.

Kò lè gbọ́. Ibi tí táyà kọjú sí ni aláìnmẹ́ǹtì ń tún ṣe. Bí ó bá bàjẹ́, ọkọ̀ á máa fà sí apá kan, táyà á sì máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbígbọ̀n tí ń bá eré wá, tí ń bá eré lọ, ohun tí ń yí ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ wò ó báyìí. Táyà tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 2 ń yí tó ìgbà 14 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan bí eré bá jẹ́ 100. Ká ní ẹrẹ̀ gíráàmù 60 péré gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan nínú rímù 14. Ní eré yẹn, á máa fa táyà bí ẹrù kìlógíráàmù 8, yíká-yíká. Ní 50, kò ju bíi 2 lọ, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfà á di ìlọ́po mẹ́rin. (Ẹ̀yin ará Físíìsì, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.) Èé ṣe tí ó wá ń rọlẹ̀ ní 110? Ẹ rántí jáńgílófà: bí a bá ń tì í ní àkókò tó bá lílọ-bíbọ̀ rẹ̀ mu, á fò sókè, bí kò bá bá a mu, kò ní í lọ jìnnà. Iwájú ọkọ̀ náà ní ìwọ̀n ìmì tirẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ bi awakọ̀ léèrè. Ṣé sítíárìn ló ń gbọ̀n ni àbí ìjókòó? Bí ó bá jẹ́ sítíárìn, iwájú ni ká wò. Bí ó bá jẹ́ ìjókòó, ẹ̀yìn ni. Ṣé ìgbà tí ó bá tẹ bíréèkì nìkan ni? Díìsìkì ni kí ẹ fura sí, kì í ṣe táyà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo táyà fúnra rẹ̀: bóyá ó wú níbì kan, bóyá ojú rẹ̀ jẹ gbágungbàgun. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tọ̀kunbọ̀ máa ń dán lójú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn kì í purọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo inú rímù pẹ̀lú, nítorí ẹrẹ̀ òjò ìlú wa yìí ń gbẹ síbẹ̀ bí amọ̀ ìkòkò.

Ẹ wá fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ẹ sì fi sítáńdì tì í. Ẹ má fọkàn tán jáàkì nìkan. Ẹ yí táyà, kí ẹ di igi tín-ínrín kan mú súnmọ́ etí rímù: bí rímù bá ti wọ́, àlàfo àárín wọn á máa fẹ̀, á máa dín. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Bí ó bá ń ṣe jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Bí jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì. Ẹ tún dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì: táì rọ́ọ̀dù ẹ́ńdì ni èyí ń tú àṣírí rẹ̀.

Nígbà tí a ṣe èyí fún ọkọ̀ bàbá, ẹrẹ̀ gbígbẹ ló kún inú rímù iwájú méjèèjì. A fi ọ̀bẹ họ ọ́ dànù, fọkanáísà kan sì fi ẹ̀rọ báláńsì àwọn táyà, ó kan òjé mọ́ etí rímù. Gbígbọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n táyà òsì, nígbà tí a mì ín lọ́tùn-ún lósì, ó ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀. Orí táì rọ́ọ̀dù ti jẹ tán. Ká ní ó já lójú ọ̀nà Emohua pẹ̀lú ọmọ mẹ́jọ lẹ́yìn ọkọ̀, táyà yẹn ì bá yà sí ibi tó wù ú, sítíárìn ì bá sì wà lọ́wọ́ bàbá lásán.

Bàbá ra tuntun méjì, tọ̀tún tòsì. Ó wá lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹyọ kan ṣoṣo tí ó yẹ kó sanwó fún, nítorí ẹni tó bá pààrọ̀ táì rọ́ọ̀dù ẹ́ńdì gbọ́dọ̀ tún un ṣe.